Ọ̀tún Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé Tó Ń Lọ Kí Ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olóko kòkó ló ní kí n kọ ìwé pélébé yìí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa rìn láti oko dé oko, kí n máa sọ bí wọ́n ṣe ń fín oògùn àti bí wọ́n ṣe ń sá kòkó kó gbẹ dénú; n kì í ṣe aṣojú iléeṣẹ́ bàálù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí kòkó ti gbówó lórí, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá dọ́là 12,000 lọ́jà àgbáyé nínú oṣù Kejìlá 2024, àwọn òbí tí ọmọ wọn ti ń bẹ̀ tipẹ́tipẹ́ pé kí wọ́n wá kí òun ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń fi owó ara wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ní agbègbè wa nìkan, èèyàn méje ló lọ láàárín ọdún kan. Ọ̀kan nínú wọn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun bàálù lọ. Àga onítáyà ni wọ́n fi tì í jáde nígbà tó dé sí Ìkẹjà.

N ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gba físà tàbí bí wọ́n ṣe ń di àpótí. Ọmọ yín mọ ìyẹn. Ohun kan ni mo fẹ́ kó yé yín, mo sì máa sọ ọ́ títí á fi sú yín.

Sísọdá títì

Lọ́dọ̀ wa, apá ọ̀tún títì ni ọkọ̀ ń gbà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, apá òsì ni. Bí ẹ bá dúró létí títì tí ẹ fẹ́ sọdá, ọkọ̀ tó máa kọ́kọ́ kàn yín, láti ọwọ́ ọ̀tún yín ló ti ń bọ̀. Bàbá tí mò ń wí wo òsì, ó rí i pé títì dá, ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ kan péré ni. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló kán.

Ẹ má rò pé aláìmọ̀kan ni o. Ẹni ọdún 67 ni, ó mọ kòkó bí ẹni mọ owó. Àwa náà ń gba òsì tẹ́lẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 la yí i sí ọ̀tún, bàbá yìí sì ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko nígbà náà. Ó sọ fún mi pé kí òun tó jáde lọ́jọ́ yẹn, ọmọ òun tún rán òun létí. Ó mọ̀ ọ́n. Ọrùn rẹ̀ ni kò mọ̀. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tó ti ń kọ́kọ́ yíjú sí òsì, ọrùn kì í sì í gbọ́ ìkìlọ̀ àfẹnusọ.

Nítorí náà, ọrùn lẹ máa kọ́. Bó bá ti ku ọjọ́ 14 kí ẹ wọ bàálù, láràárọ̀ kí ẹ tó mú àdá, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé: ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ tún wo ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ máa pè é síta bí ẹ ṣe ń ṣe é. Àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín nípàdé pé eré ọmọdé ni. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ni mo wí, n kò sọ pé kí ẹ fi dánra wò lójú títì wa. Níbí, òsì ṣì lẹ óò kọ́kọ́ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tó bá wu ọ̀kadà ló ń gbà yọ.

Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ má dúró sí etí títì gan-an. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 2 sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá láàárín ìlú, ẹ óò rí i tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ LOOK RIGHT sílẹ̀, níwájú ìka ẹsẹ̀ yín, tí wọ́n ya ọfà sí i. Wo ọ̀tún ni wọ́n ń wí. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó wo ibi tí ẹnu ọfà kọjú sí. Ibòmíràn wà tó jẹ́ LOOK LEFT, nítorí pé ọ̀nà kan ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà níbẹ̀. Ọfà náà lẹ óò tẹ̀lé. Níbi tí kò bá sí ohunkóhun nílẹ̀: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún.

Ibi tí wọ́n kùn ní dúdú àti funfun bí ara kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, tí òpó méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí iná roboto aláwọ̀ ọsàn ń ṣẹ́jú lórí wọn, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró fún ẹlẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró ná. Táyà rẹ̀ lẹ óò wò, ẹ má wo ojú dẹ́rẹ́bà. Níbi tí iná wà, ẹ tẹ bọ́tìnnì ara òpó, kí ẹ dúró de ère ọkùnrin aláwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ ìlú á máa sọdá nígbà tí ti pupa ṣì wà níbẹ̀; òfin kò mú wọn fún un. Ẹ má tẹ̀lé wọn. Láti kékeré ni ọrùn tiwọn ti mọ ibi tó ń wò.

Kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń bà mí lẹ́rù ju mọ́tò lọ. Kò ní ariwo. Èyí tó ń lo bátìrì a máa sáré bí ọ̀kadà, a sì máa yọ láti ibi tí ẹ kò fọkàn sí. Bí ẹ bá rí ère kẹ̀kẹ́ tí wọ́n yà sílẹ̀, ọ̀nà tiwọn nìyẹn, kì í ṣe ibi tí ẹ óò dúró sí láti dáhùn fóònù.

Ẹ̀yin ìyá tó lọ wẹ ọmọ tuntun, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yìn lọmọ ń wà. Lọ́hùn-ún, ẹ óò máa tì í níwájú nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ, táyà kẹ̀kẹ́ ọmọ ló sì máa kọ́kọ́ wọ títì kí ẹsẹ̀ yín tó wọ̀ ọ́. Ẹ yí kẹ̀kẹ́ ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹ bá dúró létí títì. Kí ẹ wò tán kí ẹ tó kọjú rẹ̀ síwájú.

Nínú mọ́tò ọmọ yín pàápàá, ọ̀tún ni dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí; ẹ óò gbàgbé, ẹ óò lọ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò ṣe é rí. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni kí ẹ ti wọlé, òsì náà ni kí ẹ gbà sọ̀; ẹni tó bá gba ọ̀tún sọ̀, àárín ọkọ̀ ló sọ̀ sí.

Ọsibítù

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 999 ni kí ẹ pè. Bí kò bá le tó bẹ́ẹ̀, 111 ni ti ọ̀rọ̀ ìlera. Ìtọ́jú pàjáwìrì lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù ìjọba kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn, wọ́n á ní ọ̀fẹ́ ni ní ìlú Òyìnbó. Gbàrà tí wọ́n bá ti fún àlejò ní bẹ́ẹ̀dì, owó ti bẹ̀rẹ̀. Ìtọ́jú tí ìjọba ká sí £100, £150 ni wọ́n máa kọ fún ẹni tó wá fi físà àlejò kí ọmọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ fún ọmọ bàbá wa ju owó kòkó ọdún méjì lọ. Bí gbèsè náà bá tó £500, tó sì pé oṣù 2 láìsan, ìjọba lè fi ṣe ìdí láti má fún yín ní físà mìíràn.

Ẹ ra ìbánigbófò ìrìnàjò nílé, kí ẹ tó lọ. Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ wọ bàálù, kó sì fi ọjọ́ 7 kọjá ọjọ́ tí ẹ fẹ́ padà. Ẹni tó lè ra bàtà tuntun mẹ́ta nítorí ìrìnàjò tó wá ní òun kò rí owó ìbánigbófò, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà, ẹ kó èyí tó máa tó yín lò fún gbogbo ọjọ́ tí ẹ máa lò, kí ẹ fi ti ọjọ́ 14 lé e, nínú páálí tí wọ́n fi tà á. Àpò ọwọ́ ni kó wà.

Fóònù àti bébà

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ oníbátìrì a máa já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá dúró létí títì tó ń wò ó. Ìṣẹ́jú àáyá méjì kò pé. Ẹ wá wò ó, ibi tí mo ti ní kí ẹ máa wo ọ̀tún gan-an ni àwọn wọ̀nyí ti ń dúró de ẹni tó gbórí sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo fóònù, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù kan, tàbí kí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù yín, tó gùn tó nọ́ńbà 15, máa jáde; ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àdírẹ́sì ọmọ yín sórí bébà, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà ìparí rẹ̀ (SE15, bí àpẹẹrẹ, ló bẹ̀rẹ̀ ti àdúgbò Peckham), kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù èèyàn 2 sí i. Ẹ̀dà 3: ọ̀kan nínú àpò abẹ́ aṣọ, ọ̀kan nínú pọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú àpò kóòtù. Ìyá kan lára àwọn méje yẹn sọnù fún wákàtí mẹ́rin pẹ̀lú fóònù tí iná ti tán nínú rẹ̀. Ó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ó mọ oríkì rẹ̀, kò mọ orúkọ àdúgbò.

Ọ̀bẹ

Mo mọ̀ yín. Ọ̀bẹ kékeré tí ẹ fi ń la orógbó kì í kúrò lápò. Ẹ fi sílẹ̀ nílé. Yàtọ̀ sí èyí tó ṣeé ká tí ojú rẹ̀ kò ju ínṣì 3 lọ, ẹni tí wọ́n bá bá ọ̀bẹ lára rẹ̀ níta láìní ìdí tó tọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 4. Èyí tó ṣeé ká náà, ẹ má mú un lọ. Bí ẹ ṣe fẹ́ wọn ínṣì fún ọlọ́pàá lójú títì kò yé mi.

Ẹrù oúnjẹ

Ẹran ní gbogbo ọ̀nà, títí kan kílíṣí àti pọ̀ǹmọ́, àti wàrà: wọn kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹja gbígbẹ lè wọlé, kó má ju kílò 20 lọ. Iṣu, ewé tútù àti èso gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí àìsí kòkòrò tí NAQS, iléeṣẹ́ ìjọba wa tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, ń fúnni. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn wà lára èyí tí kò nílò rẹ̀ nínú ohun tí à ń gbìn.

Ẹ̀wà ńkọ́? Ẹ fi ẹ̀wà sílẹ̀. Láti oṣù Kẹfà 2015 ni ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, Bìrìtéènì sì wà nínú ìṣọ̀kan náà nígbà yẹn. Dichlorvos ni wọ́n bá nínú rẹ̀, èyí tó wà nínú ọ̀tapíapía tí mo ti ń pariwo láti ọjọ́ yìí pé kí ẹ má dà sí ẹ̀wà inú àpò. Èmi kọ́ ló dà á o. Gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ gbé lọ ló wà lọ́jà Peckham àti Ridley Road, ó kàn wọ́n ni.

Bọ́ọ̀sì àti ìyókù

Bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò gba owó lọ́wọ́ láti oṣù Keje 2014. Káàdì Oyster, ìyẹn káàdì owó ọkọ̀ wọn, tàbí káàdì báǹkì lẹ óò fi kan ẹ̀rọ bí ẹ ṣe ń wọlé: £1.75 ní 2025, ẹ sì lè wọ bọ́ọ̀sì mìíràn láàárín wákàtí 1 láìsan kún un. Nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ẹ kàn án nígbà tí ẹ wọlé, ẹ tún kàn án nígbà tí ẹ jáde; ẹni tó bá gbàgbé ìkejì máa san èyí tó pọ̀ jù. Lórí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀, ọ̀tún ni kí ẹ dúró sí, kí ẹni tó ń kánjú lè gba òsì kọjá. Bí ẹ bá sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ má gba iwájú rẹ̀ sọdá. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Nínú oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ń ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ wọ nǹkan funfun sókè kóòtù. Físà àlejò kì í sábà jẹ́ kí ẹ lò ju oṣù 6 lọ lẹ́ẹ̀kan, kò sì fàyè gba iṣẹ́. Ẹ má gba owó lọ́wọ́ aládùúgbò láti bá a tọ́jú ọmọ, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Bí ẹ bá kí èèyàn láàárọ̀ tí kò dáhùn, kò bá yín jà.

Ìyàwó bàbá wa ló ń lọ báyìí, nínú oṣù Kẹta. Bàbá ló ń jókòó tì í sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, tó ń fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ọ̀tún.

Ẹni tó bá ń lọ, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ bó bá ku ọ̀sẹ̀ 3. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níwájú àká kòkó. A ti fi ẹfun ya títì sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ọfà. Bàtà tí ẹ óò wọ̀ lọ ni kí ẹ wọ̀ wá.