Bí mo ṣe kó kànga àti ṣálángá àdúgbò wa sórí máàpù

Ọmọ mẹ́ta ni ìgbẹ́ gbuuru mú nínú ilé kan ṣoṣo ní òpópónà wa, ní Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Àwọn kan ní eyín ló ń hù, àwọn kan ní mọ́ínmọ́ín àná ni. Kànga wọn lèmi ń wò ní tèmi. Mo ní màá kó gbogbo kànga àti ṣálángá òpópónà náà sórí máàpù. Ọgbọ́n àtijọ́ ni: lọ́dún 1854 ní Lọ́ńdọ̀nù, Dókítà John Snow to àwọn tí onígbáméjì pa sórí máàpù, wọ́n sì kó jọ yí ẹ̀rọ omi kan ká ní Broad Street.

Sátidé méjì ni mo fi rìn ín. Fóònù ni mo fi ń mú ojú ibi tí nǹkan wà, ṣùgbọ́n ó máa ń fi bíi mítà márùn-ún ṣìnà níta gbangba. Lábẹ́ páànù, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó bá ti ṣe mí bí iyèméjì, tépù ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Bàbá kan ò tiẹ̀ fẹ́ ṣílẹ̀kùn: “Ṣé kánsù ló rán ẹ?” Mo dọ̀bálẹ̀: “Rárá sà, ọmọ àdúgbò ni mí.”

Ohun tí àwọn elétò ìlera máa ń sọ ni pé kí ṣálángá fi mítà 30, ó kéré tán, jìnnà sí kànga. Mo wá ní kí QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, fa òbìrìkìtì 30 yí ṣálángá kọ̀ọ̀kan ká. Háà! Òbìrìkìtì bo Nàìjíríà, ó gbé aṣálẹ̀ Sàhárà mì, ó tún lọ kan Òkun Mẹditaréníà. Dìgírì orí máàpù ayé ni kọ̀ǹpútà ń kà, kì í ṣe mítà, dìgírì kan sì tó nǹkan bíi kìlómítà 111. Mo yí i sí EPSG:32631, ètò ìwọ̀n máàpù tó ń fi mítà ka apá ọ̀dọ̀ wa, ara wá tù mí.

Ìgbà yẹn lojú mi là. Onílé kọ̀ọ̀kan ló ti gbẹ́ ṣálángá rẹ̀ jìnnà sí kànga rẹ̀. Ti aládùúgbò tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì ni kò rí. Plọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, bíi mítà 18 sí 36 ni. Níbo lèèyàn fẹ́ sá sí?

Mo fẹ́ mọ ibi tí omíyalé máa ń dé pẹ̀lú. Mo lo ìwọ̀n gíga ilẹ̀ tí Endeavour, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará Amẹ́ríkà, fi rédà kó láti gbalasa òfuurufú ní February 2000. Ó ní igun kan ga dáadáa. Ìyá tó ń gbé ibẹ̀ na ọwọ́ sí ògiri lábẹ́ fèrèsé: “Ibí ni omi dáàmù Ọ̀yán dé ní 2010.” Mo gbójú sókè, mo rí àwọn igi àgbọn. Orí igi ni rédà wọ̀n! Ọ̀rọ̀ màmá ni mo kọ sílẹ̀.

Níbi ìpàdé àwọn lańlọ́ọ̀dù, ilé ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá nínú máàpù. Wọ́n gbà láti dáwó kànga dẹ̀rọ sí òkè òpópónà. Bí a ṣe ń túká, bàbá tó bi mí léèrè kánsù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: “Ọmọ mi, jọ̀ọ́ bá mi pa ṣálángá tèmi rẹ́. Yàrá méjì ló ṣófo tí mo fẹ́ fi háyà.”

“Ẹ má bínú, sà.”