Àwọn àṣìṣe tó ń gba bónọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹni tó ń sin màlúù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin màlúù ní Ọ̀dẹ̀dá àti gbogbo àyíká Abẹ́òkúta, ó ń dùn mí bí owó yín ṣe ń ṣègbé. Òtẹ́ẹ̀lì kan tàbí ẹni tó ń ta ẹran dídì á ní òun á fi bónọ́ọ̀sì 100 náírà lé orí kílò kan bí màlúù bá bá ohun tí òun fẹ́ mu. Ẹ kò tíì bi í ní ìbéèrè kejì tẹ́ ẹ ti lọ ra èérí jọ fún màlúù.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi ìwọ̀n màlúù tó ṣì ń mí ṣírò bónọ́ọ̀sì. Èyí tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ti yọ orí, ẹsẹ̀ àti ìfun rẹ̀, ni wọ́n ń gbé sórí òṣùwọ̀n. Màlúù wa bíi White Fulani kì í sábà ju ìdajì lọ lẹ́yìn pípa: 350 kílò di nǹkan bí 175. Bónọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 17,500 náírà, kì í ṣe 35,000. Ẹ dákun, ẹ yé fún un níyọ̀ kó lè mu omi yó. Omi inú ṣàkì kì í dé orí òṣùwọ̀n yẹn.

Èkejì ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Alápatà tó fojú díwọ̀n màlúù yín ní Láfẹ́nwá, gbogbo rẹ̀ ló ń rà: orí, bọ̀kọ̀tọ̀, ṣàkì, ẹ̀dọ̀, fùkù, àti awọ tó máa di pọ̀nmọ́. Ó ti ka gbogbo wọn mọ́ iye tó dá. Ẹni tó ń ra ní kílò, ẹran nìkan ló ń sanwó rẹ̀. Kí màlúù tó kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ni awọ, ta ló ni nǹkan inú, ta ló ń san owó pípa àti owó ọkọ̀? Bí ẹ kò bá béèrè, ohun tẹ́ ẹ pàdánù lè ju 17,500 yẹn lọ fíìfíì.

Ẹ tún ṣírò ọjọ́ ìdúró. Ká ní oníbàárà kò gba ohun tó bá dín sí 180 kílò, tiyín sì wà ní 175. Kílò 5 yẹn, 10 ni lára màlúù tó wà láàyè. Bó bá ń fi ààbọ̀ kílò sanra lóòjọ́, ọjọ́ 20 nìyẹn. Bí oúnjẹ bá jẹ́ 2,000 náírà lójúmọ́, 40,000 ti lọ. Bí kílò ẹran bá jẹ́ 5,000, kílò 5 mú 25,000 wá, bónọ́ọ̀sì mú 18,000 wá. 3,000 péré ló kù. Bí ohun kan ṣoṣo bá yẹ̀, bónọ́ọ̀sì wọmi, ẹ ti jẹ gbèsè 15,000.

Ọjọ́ orí náà wà lára ohun tí oníbàárà lè fẹ́ kó tó san bónọ́ọ̀sì. Ẹ la ẹnu màlúù kẹ́ ẹ tó rà á. Eyín àgbà méjì, ó tó nǹkan bí ọdún 2. Bí mẹ́jọ bá pé, ó ti tó ọdún 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí oúnjẹ tó lè dá ìyẹn padà.

Ẹ sá èèpo ẹ̀gẹ́ gbẹ, májèlé wà nínú tútù. Ẹ po PKC (èérí èkùrọ́ tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀) mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ méjì mú wọn mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, kí ikùn wọn má baà wú.

Abẹ́rẹ́: ẹ ka ara ìgò. Ọ̀pọ̀ oxytetracycline LA, oògùn apakòkòrò tó ń pẹ́ lára, ń fẹ́ kí ọjọ́ 28 kọjá kí wọ́n tó pa ẹran. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ gún un sílẹ̀.

Ìrìn àjò ọjọ́ ìkẹyìn ló wá ń ba púpọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá da àwọn akọ tí kò mọra pọ̀ sínú ọkọ̀ kan, wọ́n á jà títí okun inú iṣan wọn á fi tán. Ẹran irú wọn máa ń dúdú, ó sì máa ń le. Ní Ọsirélíà, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọn pH ẹran, ìyẹn bó ṣe kan sí, láti mọ irú ẹran bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tiwa lè má ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á rí i. Ẹ kó wọn ní ìdájí, ẹ fún wọn lómi, ẹ gba igi lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọkọ̀: ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá kú sí lára ẹran, gígé ni wọ́n ń gé e dànù kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.