Ẹ̀tọ́ sí ipò Ààrẹ Amẹ́ríkà: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa ẹni tí í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ náà

Ìwé òfin tí Amẹ́ríkà kọ ní 1787 ní kí ẹni tó bá máa jẹ Ààrẹ jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ náà ("natural born citizen"), kó ti pé ọmọ ọdún 35, kó sì ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 14. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kò ní wàhálà. Orí "ọmọ bíbí" ni ìjà wà, torí ìwé òfin náà kò sọ ẹni tó jẹ́.

Àṣìṣe tó gbilẹ̀ jù ni pé bàbá àti ìyá gbọ́dọ̀ ti jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kí wọ́n tó bí i. Ìwé Emer de Vattel, onímọ̀ òfin ará Switzerland, tó jáde lédè Faransé ní 1758, ni wọ́n sábà máa ń gbé jáde láti fi gbè é lẹ́sẹ̀. Tí wọ́n bá fi ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ hàn yín, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀dà 1797 ni gbólóhùn "natural born citizens" ti kọ́kọ́ jẹyọ, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ìwé òfin tán. Àwọn tó kọ òfin náà kò lè rí i kà níbẹ̀.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn agbẹjọ́rò ìgbà náà mọ̀ dunjú. Láti ìgbà ẹjọ́ Calvin, tí ilé-ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì dá ní 1608, ọmọ àlejò tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ ọba ti di ọmọ abẹ́ ọba, àfi ọmọ aṣojú ọba mìíràn àti ọmọ ọ̀tá tó ń fogun gba ilẹ̀. Òfin yìí náà ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbé yẹ̀ wò ní 1898 kó tó dájọ́ pé ọmọ Amẹ́ríkà ni Wong Kim Ark, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ṣáínà, torí San Francisco ni wọ́n bí i sí. Chester Arthur ńkọ́? Vermont ni wọ́n bí i sí ní 1829. Bàbá rẹ̀ tó wá láti Ireland kò gbàwé ọmọ ìlú títí di 1843, síbẹ̀ Arthur jẹ Ààrẹ.

Ẹ má sì torí èyí sọ pé ẹni tí wọ́n bí sókè òkun kò lẹ́tọ̀ọ́ rárá. Òfin 1790 ka ọmọ tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà bí sẹ́yìn odi sí ọmọ bíbí. Òfin 1795 tó rọ́pò rẹ̀ yọ "bíbí" kúrò, ó fi "ọmọ ìlú" nìkan sílẹ̀. Ẹni tó bá mú ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀, ẹjọ́ ẹnìkan ló ń dá. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù kò tíì yanjú ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n bí sẹ́yìn odi. Ìpinnu tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ṣe ní 2008 lórí John McCain, tó ń díje fún ipò Ààrẹ nígbà náà, tí wọ́n bí sí Panama, kì í ṣe òfin.

Ti Alexander Hamilton, ọ̀kan lára àwọn tó fọwọ́ sí ìwé òfin 1787, tí wọ́n bí sí erékùṣù Nevis ní Karibeani, yàtọ̀: ìwé òfin náà yọ̀ǹda ẹni tó bá ti jẹ́ ọmọ ìlú nígbà tí wọ́n tẹ́wọ́ gba ìwé òfin náà.

Ẹ má fi òfin Nàìjíríà túmọ̀ tiwọn. Apá 131 nínú ìwé òfin tiwa náà ní kí Ààrẹ jẹ́ ọmọ ìlú láti ìgbà ìbí, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni apá 25 ń wò: òbí tàbí òbí àgbà. Ọmọ tí ará Ìbàdàn tó ní gíríìnì káàdì bá bí sí Houston, ọmọ Amẹ́ríkà ni nítorí ilẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni nítorí ẹ̀jẹ̀. Ọmọ àlejò tí wọ́n bí sí Èkó, tí kò ní òbí tàbí òbí àgbà kankan tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kò tipa ibi tí wọ́n bí i sí di ọmọ ìlú.