Bá a ṣe ń tọ́jú ọmọ kékeré tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, nínú ilé wa l'Ékòó

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ yín dé láti ọsibítù, ẹ kú ewu o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, iṣẹ́ abẹ ti parí lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn ló kù, oògùn ọ̀hún ló sì máa dá kíndìnrín náà sí. Ara ọmọ mọ̀ pé àlejò ni, tó bá ráyè á bá a jà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún un ní tacrolimus àtàwọn yòókù kí ìjà yẹn lè rọlẹ̀. Ara tí ò lè bá kíndìnrín jà, kò ní lè bá àìsàn jà dáadáa náà nìyẹn.

Tacrolimus olómi, wákàtí 12-12 ni. Tó bá jẹ́ aago 7 àárọ̀, aago 7 alẹ́ náà ni, ẹ fi álààmù sórí fóònù èèyàn méjì torí NEPA lè mú iná kí ti ẹnì kan kú. Syringe ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí. Ọmọ ọdún mẹ́ta á di ẹnu pinpin, ẹ gbé e jókòó lórí itan, ẹ má dá a dùbúlẹ̀, ẹ rọra ti ẹnu syringe bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ nínú, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó máa gbé e mì, kẹ́ ẹ wá fún un lómi. Tó bá bì í, ẹ má kàn dá òmíì fún un, ẹ pe dókítà, kẹ́ ẹ sọ bó ṣe pẹ́ tó kó tó bì.

Ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ má fún un ní ti àárọ̀ nílé, torí wọ́n fẹ́ mọ èyí tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó lo òmíì. Ẹ gbé e dání, tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ tán kẹ́ ẹ fún un. Ẹ mú ti alẹ́ náà sínú báàgì, ẹni tó bá ti há sí go-slow lórí Third Mainland rí mọ ìdí.

Àwọn tó fẹ́ràn ọmọ yẹn jù ló máa ń kó ìdààmú bá èèyàn jù. Màmá àgbà á gbé àgbo ibà wá láti Mushin, ìfẹ́ ni, ẹ má bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ẹ kúnlẹ̀: "Màmá, ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ṣùgbọ́n dókítà ní àgbo lè ba kíndìnrín yìí jẹ́, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa gbàdúrà sí i." Ti kẹ́mísì náà ńkọ́? Ibuprofen, oògùn ìrora yẹn, máa ń ṣe kíndìnrín léṣe, erythromycin (oògùn tó ń pa kòkòrò bakitéríà) àti fluconazole (oògùn tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì) máa ń jẹ́ kí tacrolimus pọ̀ jù lára, rifampicin tí wọ́n ń lò fún ikọ́ TB á jẹ́ kó kéré jù. Ẹ kọ orúkọ wọn sí páálí kan kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì. Ọsàn gíréèpù náà, rárá, ó máa ń jẹ́ kí oògùn yẹn lágbára kọjá ààlà.

Tí ara bá gbóná dé 38, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn, ì báà jẹ́ òru. Ẹ má sọ pé ibà lásán ni kẹ́ ẹ wá fi oògùn ibà lé e nílé. Ẹ jẹ́ kó máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú kàn ni ajẹsára. Èyí tó ní kòkòrò ààyè nínú, bíi ti èéyi, ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ àti rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sẹ́nu, kò yẹ ọmọ yìí. Ti rọpárọsẹ̀ yẹn tún máa ń jáde nínú ìgbẹ́ ọmọ tó bá gbà á, ẹ bi dókítà bóyá abẹ́rẹ́ ni kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀ máa gbà. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín mójú tó ọmọ nílé, torí àwọn tó ń gbé kúlà ajẹsára kiri lè kan ilẹ̀kùn nígbà tẹ́ ẹ wà níbi iṣẹ́.