Ìgò 75cl fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá wa

Kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì lítà 4 péré ló sọ mí di ẹni tó ń wọn epo. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn bẹntiróòlù gba gbogbo kíṣìn. Màmá mi ní imú mi ló ń ṣe àṣejù, kí n da epo sí sítóòfù ká ríbi se oúnjẹ. Ẹni tó tà á fún mi ń búra lórí fóònù pé ojúlówó ni. Ó dáa. Mo lọ ra ìwọ̀n oníbátìrì táwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Owó rẹ̀ ju ti epo lọ!

Kẹrosíìnì tó dáa kì í fúyẹ́ ju 0.775 gíráàmù lọ nínú mìlílítà kan, ní ìwọ̀n ooru 15°C. Bẹntiróòlù fúyẹ́ jù ú; bí wọ́n bá pò ó mọ́ ọn, nọ́ńbà á wálẹ̀. Ìta gbangba ni mo ti ṣe é, níbi tí kò sí iná rárá.

Mo rọ epo kún ìgò gíláàsì tí wọ́n kọ 75cl (mìlílítà 750) sí, dé ẹnu. Mo yọ ìwọ̀n ìgò kúrò: 590 gíráàmù. Mo fi 750 pín in, ó di 0.787. Epo dára! Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa bẹ ọlọ́jà.

Imú mi ṣáà kọ̀. Mo tún un wọ̀n, mo gbé ìwọ̀n kúrò lójú atẹ́gùn, mo pààrọ̀ bátìrì. 590. 590. 591. Odindi ọ̀sán kan!

Ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó sọ sí mi lọ́kàn láti rọ omi kún ìgò yẹn. Gíráàmù 778! Mìlílítà omi kan sì jẹ́ bíi gíráàmù kan, ìyẹn ni pé ìgò náà gba bíi mìlílítà 778. Àṣé 75cl kò dé ẹnu ìgò. Wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ lọ́rùn ni. Mo fi 778 pín 590: 0.758. Kẹrosíìnì wa àtijọ́, nínú ìgò kan náà, jẹ́ 622, ìyẹn 0.80. Òun la fi dáná alẹ́. Ooru tiwa ń dín nọ́ńbà kù ní bíi 0.01, ṣùgbọ́n ìyẹn ò lè gba ayédèrú yẹn là.

Bí mo bá tún máa ṣe é, omi ni màá kọ́kọ́ wọ̀n. Nọ́ńbà tó dáa nìkan ò sì ní fi mí lọ́kàn balẹ̀: bí bẹntiróòlù bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, 0.80 á kàn di bíi 0.794, bẹ́ẹ̀ ìyẹn náà lè gbiná lójijì. Epo tó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù ò ní dé sítóòfù mi.

Ọlọ́jà dá owó epo padà. Owó ìwọ̀n ńkọ́? Ó ní òun ò rán mi níṣẹ́.