Bí mo ṣe yan ibi tí a máa sùn létí òkun Bẹ̀nẹ̀

Ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn kì í sábà rí òkun. Omi tiwa ni Ẹlẹ́yẹlẹ̀, Ògùnpa, àti Àṣẹ́jìrẹ́ tí à ń kọjá tí a bá ń lọ Ifẹ̀. Nígbà tí Àǹtí wa àgbà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n ní àwọn kò fẹ́ páàtì, àwọn kò fẹ́ aṣọ ẹbí, pé ẹ̀gbẹ́ òkun ni àwọn fẹ́ sùn kí àwọn máa gbọ́ ọ lóru, èmi àbíkẹ́yìn ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Bọ̀dá wa ní, "Ìwọ lo mọ fóònù tẹ̀." Ọ̀rọ̀ parí.

Àwa tí a ń lọ kò pọ̀: Àǹtí tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, ọkọ wọn, èmi, àti àwọn ọmọ mi méjì. Èyí ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún méje. Omi tí kò bá ti jẹ́ ti ìwẹ̀, á fẹ́ kó sínú rẹ̀.

Kí n tó wo ilé ìtura kankan lórí fóònù, ìbéèrè kan ni mo kọ́kọ́ kọ sínú ìwé: omi wo ni àwa yìí lè wọ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè rẹ̀. Wọ́n á wo àwòrán igi àgbọn, yanrìn, àga méjì lábẹ́ agboòrùn, wọ́n á sanwó. Ṣùgbọ́n òkun tiwa yìí, láti Èkó títí dé Lomé, gbangba ló wà. Kò sí erékùṣù níwájú rẹ̀, kò sí àpáta abẹ́ omi tó lè gba agbára lọ́wọ́ ìgbì. Ìgbì tó ń fọ́ ní Kútọnu, gúúsù Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún ló ti ń bọ̀, ohunkóhun kò dá a dúró lọ́nà. Etí òkun náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Èèyàn á gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, omi ti dé àyà, bí ìgbì bá sì ń padà, á máa fa yanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn apẹja tí wọ́n bí sí etí omi gan-an kì í fi í ṣeré. Àkókò òjò wa, láti nǹkan bí oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, ló tún máa ń le jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi sún ìrìn àjò náà sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò sọ òkun yẹn di adágún.

Èkó ni mo kọ́kọ́ wò. Ó sún mọ́ wa, rélùwéè sì wà láti Mọ́níyà dé Ẹbúté Mẹ́ta. Omi Tarkwa Bay rọlẹ̀, ó sì nídìí tó fi rọlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900 ni àwọn Òyìnbó to òkúta ńláńlá wọ inú òkun kí ọkọ̀ lè ráyè wọ èbúté Èkó, ẹ̀yìn òkúta apá ìwọ̀-oòrùn yẹn ni Tarkwa wà. Ọmọdé lè wẹ̀ níbẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ lọ láàárọ̀ kó sì padà nírọ̀lẹ́, n kò mọ ibi tó dára jù ú lọ lápá ibí. Àwa ń wá ibi tí a ó sùn, orúnkún Àǹtí kò sì ní gba kí wọ́n máa gun ọkọ̀ ojú omi lọ gun ọkọ̀ ojú omi bọ̀. Etí òkun Ìláṣẹ̀ náà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ dé ibẹ̀, odindi ilé ni wọ́n sì sábà máa ń gbà, kí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ kó oúnjẹ wọn dání. Ó dára fún ogunlọ́gọ̀. Mo ṣì ń ronú lé e nígbà tí Àǹtí fúnra wọn ti ilẹ̀kùn Èkó pa: "Ṣé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni mo ní kí ẹ mú mi lọ wò?"

Ó ku Bẹ̀nẹ̀. Ọmọ ECOWAS ni wá, a kò nílò físà. Páásípọ́ọ̀tù àti káàdì yẹ́lò (káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára) ti tó. Mo ṣí máàpù, mo sì rántí ohun kan tí ẹni tó bá mọ Bar Beach láyé ọjọ́un yẹ kó mọ̀. Yanrìn etí òkun wa kì í dúró sójú kan. Ìgbì ń gbá a lọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ní gbogbo ọdún. Bí wọ́n bá wá to òkúta wọ inú òkun, yanrìn á kóra jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn òkúta náà, ebi yanrìn á sì máa pa apá ìlà-oòrùn. Bí òkun ṣe jẹ Victoria Island nìyẹn lẹ́yìn òkúta èbúté Èkó, títí wọ́n fi wá kó yanrìn dí i tí wọ́n ń kọ́ Eko Atlantic lé e. Kútọnu náà rí tirẹ̀. Láti 1965 tí wọ́n ti ṣí èbúté wọn ni òkun ti ń jẹ àdúgbò tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Ó kó ilé lọ, ó kó ọ̀nà lọ, kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta dí i. Mo bá fi ìka lé èbúté Kútọnu lórí máàpù. Gbogbo ilé ìtura etí omi tó wà lápá ọ̀tún ìka mi, mo yọ ọ́ kúrò. Bóyá àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dára, ṣùgbọ́n mi ò ní àkókò tí màá fi máa ṣà wọ́n.

Apá òsì ló kù, níbi tí yanrìn ti fẹ̀. Ibi mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tí ó tó gbé yẹ̀ wò.

Fidjrossè ni àkọ́kọ́. Inú Kútọnu náà ni, kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú, ẹ ó sì máa rí ikùn bàálù bó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹja yíyan wà níbẹ̀, ọtí tútù wà, sẹmijàn (ọ̀kadà tiwọn) ò wọ́n, ilé ìwòsàn àti báńkì kò jìnnà. Orin sì wà. Obìnrin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, tó bá mi fi Faransé bá àwọn ilé ìtura sọ̀rọ̀, rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ní Àǹtí fẹ́ gbọ́ òkun lóru. Ó ní, "Ní Fidjrossè lópin ọ̀sẹ̀? Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n máa gbọ́."

Route des Pêches, ọ̀nà tó gba etí òkun láti Fidjrossè lọ sí Ouidah, lẹ́wà gidi: àgbọn, abúlé apẹja, àwọn èèyàn tó ń fa àwọ̀n gígùn pọ̀ láti orí yanrìn. Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ tirẹ̀, bílẹ̀ bá ti ṣú, ó ti há síbẹ̀ nìyẹn. A kò ní ọkọ̀. Mo kọjá.

Ouidah ni mo rò pé a máa yàn, nítorí olùkọ́ ìtàn ni Àǹtí. Ohun tí máàpù fi hàn mí ni pé ìlú Ouidah kò sí létí òkun. Bíi kìlómítà 4 ló wà láàrin wọn, ọ̀sà àti àbàtà ló sì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá sùn sínú ìlú wà nítòsí Tẹ́ḿpìlì Erè àti ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ńlá tí wọ́n dojú kọra, ṣùgbọ́n kò sùn létí òkun. Ẹni tó bá sùn létí òkun wà nítòsí Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀, ibi ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, ó sì jìnnà sí ìlú. Bó bá tún jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí 10 oṣù kìíní bọ́ sí, ọjọ́ ọdún Vodun, ibùsùn á ṣọ̀wọ́n. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Àǹtí lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ọ̀nà kìlómítà 4 yẹn ni wọ́n kó àwọn èèyàn wa gbà lọ sínú ọkọ̀ ẹrú. Mo fẹ́ rí i. N kò fẹ́ sùn síbẹ̀." Èmi náà kò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́ fún sísùn.

Ìkẹrin ni Grand-Popo, tó lé ní kìlómítà 80 sí Kútọnu, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé bọ́dà Tógò. Ìlú òwò ni láyé àtijọ́, òkun sì ti jẹ púpọ̀ nínú ìlú àtijọ́ náà. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí: ìlà yanrìn tóóró kan ni, òkun níwájú, ọ̀sà lẹ́yìn. Odò Mono ń sàn bọ̀ láti òkè, ó ń bá etí òkun lọ kó tó rí ẹnu tó gbà wọ inú òkun ní ìlà-oòrùn ìlú, níbi tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy. Igbó ẹ̀gbà (mangrove) wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ń se iyọ̀, ìjàpá òkun ń wá yé ẹyin sí yanrìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní 2017 ni UNESCO ka agbègbè Mono, ti Bẹ̀nẹ̀ àti ti Tógò pa pọ̀, mọ́ àwọn ibi ìpamọ́ àdánidá tí wọ́n ń pè ní biosphere reserve. Àwọn ará Finland tilẹ̀ ní ilé àṣà kan nílùú náà láti 2000, Villa Karo. N kò mọ ohun tó gbé òyìnbó yìnyín dé Grand-Popo, ṣùgbọ́n mo lérò pé oòrùn ni.

Ìbéèrè mi sì rí ìdáhùn. Omi tí a ó máa wò wà níwájú, omi tí a lè fi ọkọ̀ ojú omi wọ̀ wà lẹ́yìn, àwọn ilé ìtura mélòó kan sì ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ fún ẹni ọdún méje.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bo àwọn ilé ìtura. Mi ò béèrè àwòrán, àwòrán ti pọ̀ jù. Mo ní kí wọ́n rìn láti ẹnu yàrá dé orí yanrìn kí wọ́n sì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́, láìdánu dúró. Fídíò yẹn ló fi hàn mí pé àtẹ̀gùn kan báyìí wà tí Àǹtí kò ní lè gùn, ilé ìtura tó ń pe ara rẹ̀ ní etí òkun sì ní títì ọlọ́dà láàrin òun àti òkun. Mo béèrè yàrá ìsàlẹ̀. Mo béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ mọ́jú tàbí wọ́n á pa á láàárín òru. Mo béèrè nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, nítorí ibi tí ọ̀sà bá wà ni ẹ̀fọn wà, ẹni tó ní kò sí ẹ̀fọn ní Grand-Popo fẹ́ ta yàrá ni. Mo béèrè bóyá ilé ìdáná máa gbà kí a ro àmàlà. Ọ̀kan péré ló dáhùn gbogbo rẹ̀ láìbínú, ibẹ̀ la sì sanwó sí.

A kò lọ tààrà. Láti Ìbàdàn dé Sẹ̀mẹ̀ nìkan ti tó ìyà fún orúnkún, pẹ̀lú gbogbo ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró láti Àgbádárìgì dé bọ́dà. A ṣẹ́ owó náírà sí sẹ́fà, a sùn mọ́jú ní Fidjrossè. Obìnrin ará Àjàṣẹ́ kò parọ́. Ọkọ Àǹtí gbádùn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, wọ́n rí ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kejì a yà ní Ouidah, Àǹtí sì dúró níwájú Ẹnu-Ọ̀nà náà pẹ́ títí, àwọn ọmọ ń béèrè ìbéèrè, wọ́n ń dá wọn lóhùn bí ẹni wà ní kíláàsì. Nírọ̀lẹ́ a dé Grand-Popo.

Kò sí ẹni tó wọ òkun. A jókòó sí ibi tí omi ti ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀, ìyẹn tó. Ọ̀sà ni ọmọ mi fi ṣe tirẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tó ń gbé èèyàn léfòó lọ́rùn, nínú ọkọ̀ tí ọkùnrin kan ń fi ọ̀pá tì. Oúnjẹ kò ṣòro: àkàsà wọn kò jìnnà sí ẹ̀kọ tiwa, ẹja tútù pọ̀, ata wọn sì ta. Èlùbọ́ Àǹtí wúlò ṣá. Èdè ló le díẹ̀. Yorùbá tí à ń sọ fàlàlà ní Àjàṣẹ́ àti ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu kò dé ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mina àti Faransé ni wọ́n ń sọ, ọwọ́ àti ẹ̀rín la fi ń parí ìyókù. Ọkọ Àǹtí ní ibẹ̀ ti dákẹ́ jù. Òótọ́ ni. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò sí ohun tí èèyàn ń ṣe ju kó máa gbọ́ òkun lọ, èyí tí ìyàwó wọn tìtorí ẹ̀ wá.

Ọmọ Bọ̀dá wa ti gbọ́ ìròyìn, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ lọ lásìkò Àjíǹde, wọ́n ní kí n fún àwọn ní nọ́ńbà ilé ìtura Grand-Popo. Mo ní rárá, Fidjrossè ni kí wọ́n sùn. Ọmọ ogún ọdún tí kì í sùn kí aago méjì òru tó lù, kí ló fẹ́ lọ ṣe lẹ́bàá ìjàpá òkun? Kí wọ́n gba ọkọ̀ ní ọ̀sán kan lọ wo Ouidah, kí wọ́n padà. Ó ti rí yàrá kan tó ní ó rẹwà, ó fi àwòrán mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi. Mo ní kó béèrè fídíò.