Bí a ṣe ń ṣe ọdún Patrick Mímọ́ nínú ilé

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ni ọdún Patrick Mímọ́. Ní Adó-Ekìtì, a kì í retí kí ẹnikẹ́ni rán wa létí, nítorí orúkọ rẹ̀ ni Kàtídírà wa ń jẹ́. Òun náà ni Ìjọ fi ṣe alágbàwí fún Nàìjíríà. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi wá léèrè ohun tí a ṣe lọ́jọ́ náà, a lọ sí Mísà, a sì jẹ ìrẹsì, ó tán. N kò bá ìrẹsì jà. Ṣùgbọ́n ẹni mímọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tirẹ̀, inú ìtàn yẹn gan-an ló yẹ kí á ti mú ohun tí a ó ṣe lọ́jọ́ ọdún rẹ̀. Bó bá jẹ́ Anthony tàbí Rita lẹ fẹ́ràn, ẹ lè tẹ̀ lé ọ̀nà yìí náà, ìtàn nìkan lẹ ó pààrọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú

Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ lálẹ́, díẹ̀díẹ̀, ní Yorùbá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọmọ Ireland ni Patrick. Ilẹ̀ Britain ni wọ́n ti bí i. Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 16, àwọn ajínigbé ya wọ ìlú wọn, wọ́n kó o lọ sí Ireland, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹrú. Ọdún 6 ló fi da ẹran fún olówó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sá, ó padà délé, ó di àlùfáà, ó di bíṣọ́ọ̀bù, ó wá tún padà sí àárín àwọn tó mú un lẹ́rú láti wàásù fún wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ará Ekìtì tó ń fi ẹ̀rù gba ọ̀nà oko lásìkò yìí kò nílò àlàyé lórí apá àkọ́kọ́ ìtàn náà. Apá ìkẹyìn, ti pípadà lọ yẹn, ni àwọn ọmọ mi máa ń bá mi jiyàn lé lórí.

Ẹ wá fún un ní oríkì. Ẹni tí a fẹ́ràn tí a kò kì, ìfẹ́ wo nìyẹn? Ó dárúkọ bàbá rẹ̀, Calpornius, tó jẹ́ díákónì, àti bàbá-bàbá rẹ̀, Potitus, tó jẹ́ àlùfáà, nítorí náà kì í ṣe pé a kò rí ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń kì í nílé wa nìyí:

Patrick, ọmọ Calpornius,
Ọmọ-ọmọ Potitus àlùfáà.
Ó da ẹran ẹlẹ́ran lọ́dún mẹ́fà,
Ó padà wá da àgùntàn Olúwa.
A-jí-gbàdúrà-nínú-yìnyín,
A-sá-fún-olówó-má-sá-fún-Ọlọ́run.

Ọmọ mi ọkùnrin ló fi ìlà tó kẹ́yìn kún un. Ẹ jẹ́ kí tiyín náà fi tirẹ̀ kún un.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ṣáájú yìí náà ni kí ẹ gbin ẹ̀wà. Wọ́n ní ewéko oníwé mẹ́ta ni Patrick fi ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan fún àwọn ará Ireland. Kò sí èyí nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ló ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtàn tó dùn ni. A kò ní ewéko ọ̀hún níbí, ewé ẹ̀wà sì jẹ́ mẹ́ta lórí igi kan. Ẹ lu agolo mílíìkì nídìí, ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ sí i, ẹ ri hóró ẹ̀wà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ máa bomi rin ín. Ewé méjì tó bá kọ́kọ́ yọ, tí wọ́n dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má tìtorí wọn sọ̀rètí nù. Èyí tó bá tẹ̀ lé wọn ni yóò pín sí mẹ́ta. Ẹ gbé agolo náà sórí tábìlì àdúrà lọ́jọ́ ọdún.

Nòfénà

Àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ṣáájú ọdún ni nòfénà. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ parí ní ọjọ́ 16. Mo ṣi í kà lọ́dún kan, ọjọ́ 9 ni mo bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ìkẹsàn-án wá bọ́ sí ọjọ́ ọdún gan-an, ilé kún fún àlejò, ariwo àwo bo àdúrà mọ́lẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kó gùn. Ẹ̀wá kan (ìpín oníhóró mẹ́wàá) nínú ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà, lẹ́yìn náà àdúrà tí wọ́n ń pè ní ìgbàyà Patrick, èyí tó ń bẹ Kristi pé kó wà níwájú ẹni, kó wà lẹ́yìn ẹni, kó wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ láàárọ̀ lè gbà á. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbàdúrà fún ẹni tó wà lọ́wọ́ ajínigbé, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí náà ni kí ẹ lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìlà kì í tíì gùn bíi ti Ọ̀sẹ̀ Mímọ́.

Ẹ tètè lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún Mísà ní ọ́fíìsì Fádà, ti òkú àti ti alààyè.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀

Ibí yìí ni ìjà máa ń wà. Ọdún yòówù kó jẹ́, inú Lẹ́ńtì ni ọjọ́ 17 oṣù Kẹta máa ń bọ́ sí. Ṣé kí á wá jó ni, àbí kí á máa sunkún?

Àjọ̀dún ńlá ni tiwa ní Nàìjíríà, nítorí náà Ìjọ ti là á sílẹ̀. Fádà yóò bọ́ aṣọ àlùkò, yóò wọ funfun. A ó kọ Glóríà, ṣùgbọ́n Alelúyà ṣì di alẹ́ Àjíǹde. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, òfin àìjẹran kò de yín lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní 2023, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì tún rí ní 2028. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, wọn yóò sún un sí ọjọ́ Ajé, bí wọ́n ṣe sún un sí ọjọ́ 18 ní 2024. Bó bá bọ́ sínú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, wọn yóò gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kátíkíìsì kí ẹ tó ra ewúrẹ́.

Ohun tí ẹ fúnra yín yàn láti yẹra fún, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti ẹ̀rí ọkàn yín nìyẹn. Ẹmu lèmi máa ń fi sílẹ̀ ní Lẹ́ńtì. Lọ́jọ́ Patrick, mo máa ń mu ife kan, n kì í mu ìkejì.

Aṣọ

Bó bá wù yín, ẹ wọ àwọ̀ ewé. Ẹ má rán tuntun. Mo dá a láṣà lọ́dún kan, ọjọ́ 19 ni télọ̀ gbé aṣọ wá, ó tún ní kí n kú ọdún.

Oúnjẹ, àti ẹni tí yóò sè é

Lóṣù Kẹta, iṣu ti gbẹ dáadáa, iyán rẹ̀ máa ń fà. Ẹ gún un, ẹ se ẹ̀gúsí sí i. Kí ará ilé tó fọwọ́ kàn án, kí abọ́ kan ti jáde lọ sílé aládùúgbò. Ní 2024, 2025 àti 2026, inú Rámádàn ni ọjọ́ náà bọ́ sí, nítorí náà a bo ti ìyá Mùsùlùmí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa títí di àkókò ìṣínu. Àwọn tó bá fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ lè bá ẹgbẹ́ Vincent Mímọ́, àwọn tó ń ṣàánú aláìní nínú ìjọ, lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, nítorí ìgbèkùn ni Patrick ti wá. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ kí ẹ tó dáná.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo inú ilé ná. Ta ló gún iyán? Ẹrú ni Patrick nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16, nílé onílé. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń dúró lẹ́bàá ààrò láti àárọ̀ kí á lè ṣe ọdún ẹrú. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ san owó oṣù tí ẹ jẹ ẹ́ kó tó di ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kó pe àwọn òbí rẹ̀ lórí fóònù, kó sọ̀rọ̀ tẹ́rùn. Ẹ mú un lọ sí Mísà bó bá fẹ́. Kí àwọn ọmọ yín gún iyán, kí bàbá wọn bu ọbẹ̀, kí òun jókòó sórí àga.

Ní ọdún tí a kọ́kọ́ ṣe é, ọmọbìnrin tó ń bá wa gbé kò mọ ibi tí yóò fọwọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dìde láti lọ bu omi wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ mi ní kó jókòó. Nígbà tó yá, ó rọra béèrè bóyá ẹran ṣì kù.